Okùn Tó Bá Iṣẹ́ Òkè Mu

Ní Bàbáńlá àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, igbà ni akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ó yí igi àti ẹ̀yìn rẹ̀ ká, akọ̀pẹ á fẹ̀yìn tì í, ọwọ́ rẹ̀ á sì ráyè kọ ẹyìn. Irinṣẹ́ ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ìdúró ló wà fún, kò wà fún ẹni tó ń já bọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kí káfíńtà tó ń kan páànù so okùn mọ́ ìbàdí, kó parí síbẹ̀. Bó bá já bọ́, ikùn àti ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ yóò já lé. Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de bẹ́líìtì ìbàdí fún gbígba ẹni tó ń já bọ́ dúró. Bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan kọjá ló ń pín agbára náà káàkiri ara.

Àwọn kan á ní ká ṣáà ra ìyẹn. Ṣùgbọ́n okùn mítà 2 tí wọ́n ń so mọ́ ọn, tó tún máa ń nà kí ìfà rẹ̀ má baà le jù, nílò nǹkan bíi mítà 6 lábẹ́. Òrùlé ilé ilẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni káfíńtà yóò bá kí okùn tó gbà á dúró. Níbẹ̀, okùn kúkúrú tí kò ní jẹ́ kó dé etí òrùlé rárá, tàbí pèpéle pákó tó ní igi ìdènà létí, ló dáa jù. Owó pákó náà kò kéré, onílé ló sì yẹ kó gbé e, kí wọ́n ti kà á mọ́ owó iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè.