Ìwé Ìlàlóye fún Òbí àti Olùkọ́: Wíwo Àwọn Ẹ̀dá Orí Igi Odán

Ọ̀fẹ́ ni wíwo igi odán tí ó wà nínú ọgbà ọ́fíìsì yìí. A kì í ta fọ́ọ̀mù, a kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì, a kò sì rán ẹnikẹ́ni sí ẹnu ọ̀nà láti gba owó ìwọlé tàbí owó ìfihàn lọ́wọ́ olùkọ́ tàbí òbí. Ojoojúmọ́ ni a ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ níwájú tábìlì akọ̀wé, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń san owó ná kí wọ́n tó wá béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ wa, bí ẹni pé àpò wa ni ó wọ̀.

Àwọn tí ó lè wá

Gbogbo ọmọ ọdún 6 sí 14 ni: ti iléèwé ìjọba, ti aládàáni, ọmọ ilé-kéú, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Yúnífọ́ọ̀mù kì í ṣe dandan. Kí àgbàlagbà kan tẹ̀lé ọmọ 10.

Àkókò, àti àwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà

Aago 6 ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a ń ṣí ẹnu ọ̀nà, aago 9 ni a ń tì í. A tún ń ṣí i láti aago 5 ìrọ̀lẹ́ títí di aago 7. Àwọn olùkọ́ mìíràn rò pé agídí akọ̀wé ìjọba ni èyí, pé bí àwọn bá dé ní aago 11, ẹ̀bẹ̀ ni àwọn yóò fi wọlé. Kì í ṣe àwa ni a dá àkókò yìí. Àwọn tí ó ni igi ni. Nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé ni àwọn ẹyẹ ń jẹ èso odán, tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Bí oòrùn bá ti mú, oníkálukú a wá ibi tí ó tutù wọ̀, gbogbo orí igi a sì pa lọ́lọ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé kì yóò rí ju alángbá lọ, nítorí òun ni oòrùn ń dùn mọ́: akọ rẹ̀, olórí pípọ́n, a gun gbòǹgbò, a máa mi orí sí àwọn akọ mìíràn pé ibẹ̀ lónílé. Àwọn àgbà kò ṣàì mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ní alángbá tí ó já láti orí ìrókò sọ pé bí ẹnìkan kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun.

Ìpẹ́dé yìí gan-an ni àwọn ọmọ ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ń dúró síta gba owó láìjẹ́ pé a rán wọn, fi ń jẹun. Wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ tí ó kó ọmọ rin ọ̀nà jíjìn kò ní fẹ́ kí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo; nítorí náà wọn a gba owó, wọn a ju òkò sí àárín ewé, wọn a ta kànnàkànnà, kí ẹyẹ lè fò, kí àdán lè bọ́ sílẹ̀; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a so okùn mọ́ ọ̀gà lẹ́sẹ̀, wọn a ní orí odán ni àwọn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un. Ìbẹ̀rù ẹ̀dá ni ọmọ rí níbẹ̀. Ẹyẹ tí a sọ lókò lónìí kì í tètè padà, àwọn ọmọ tí ó bá sì tètè dé lọ́la ni yóò jìyà rẹ̀.

Ewu tún wà níbẹ̀. Àdán ńlá tí ń jẹ èso, adorí-kodò-sùn, tí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì a tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré: lára irú rẹ̀, ní Erékùṣù Èkó, ni a ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn kan ní ọdún 1956, tí ó jẹ́ ìbátan kòkòrò àrùn dìgbòlugi. Ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àdán, ìbáà jẹ́ ààyè, ìbáà jẹ́ òkú. Bí ó bá gé ọmọ jẹ tàbí ó ha á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí ọmọ yóò wò

Kí ọmọ jókòó, kí ó mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kí ó má pariwo. Odán kì í yọ òdòdó tí ojú ń rí. Inú èso ni òdòdó rẹ̀ pamọ́ sí, agbọ́n kan tí kò tó hóró ìrẹsì ni ó sì ń gba ihò kékeré ìdí èso wọlé láti yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Bí ọmọ bá rí ewé tí a rán pọ̀ bí àpò, ilé èèrà pupa ni: àwọn òṣìṣẹ́ wọn a fẹnu gbé ọmọ wọn tí kò ì dàgbà, òwú tí ń jáde lẹ́nu ọmọ náà ni wọ́n sì fi ń rán ewé. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun rẹ̀. Òwe ni o, ẹ má pa wọ́n. Ẹni tí ó bá wá ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí i bí àwọn àdán ṣe ń jí, tí wọ́n ń ṣí lọ wá oúnjẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ má san án, ẹ má sì bá a jà. Ẹ wọlé tààrà wá sọ fún akọ̀wé tí ó jókòó nídìí fèrèsé àkọ́kọ́. Owó tí ẹ bá ti san ní ẹnu ọ̀nà, ọ́fíìsì yìí kò ní dá a padà.