Kí Ilé-Ìwé Tó Wọlé: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Òbí ní Ìkirè àti Àpòmù

Oṣù kẹsàn-án ni sáà ẹ̀kọ́ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a sì mọ̀ pé oṣù náà kì í rọrùn fún ọ̀pọ̀ ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé àti Ìsọ̀kan. Owó kòkó gidi kò tíì dé nígbà náà; láti oṣù kẹwàá lọ ni ìkórè ńlá máa ń gbóná. Ìyá tó ń dín dòdò Ìkirè ti wà nídìí iná kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá tó ń ná ọjà Àpòmù ti ń di ẹrù, bàbá ti gba ọ̀nà oko tàbí ti Ìbàdàn lọ. Àwọn ọmọ sì ń wá ìbọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé òbí ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí a ń kó lé àárọ̀ lórí ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí alẹ́ gba púpọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn oṣù tó ṣáájú sì bá oṣù kẹsàn-án gbé ìnáwó.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ di dandan àti ọ̀fẹ́ kí ọmọ kàwé fún ọdún 9, láti aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Síbẹ̀, bàtà, àpò àti ìwé àkọsílẹ̀ ń bẹ lọ́rùn òbí. Àjọ ojoojúmọ́ ni a rí pé ó bá oníṣòwò àti àgbẹ̀ lára mu jù. Ẹni tó bá ń dá ₦200 lójúmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún títí dé òpin oṣù kẹjọ yóò ti dá ₦24,600. Bí alájọ bá mú owó ọjọ́ kan lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦23,800 ni yóò kó. Ẹ ti sọ fún alájọ látìbẹ̀rẹ̀ pé owó ilé-ìwé ni, kí ó má gbà láti kó o fún yín ṣáájú, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó.

Ẹ má sáré ra aṣọ. Lọ́dún 2020 ni ìjọba Ọ̀ṣun fòpin sí aṣọ kan náà fún gbogbo ilé-ìwé, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé ọmọ yín kí ẹ tó ra yádì kan. Ẹ sì kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà èṣí, kí ó dìde dúró, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú bàtà náà. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ti kan ìpẹ̀kun, bàtà ti di ti àbúrò. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì pọ̀, ẹ ya èyí tí wọ́n ti kọ kúrò, kí ọmọ máa fi ìyókù ṣe ìṣirò nílé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ń fìyà jẹ ọmọ púpọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ sí i. Ẹ kó ìwé-ẹ̀rí ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò àti NIN (nọ́mbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè) ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Kí ẹ tó kó wọn sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ ka orúkọ tó wà lára ìkọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá kọ Olúwaṣeun, tí òmíràn kọ Ṣeun, tí ẹ̀kẹta gbé orúkọ bàbá ṣáájú, wàhálà ń bọ̀. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, kì í forúkọ ẹni tí kò ní NIN sílẹ̀, orúkọ tó bá sì wà lára NIN ni wọn yóò lò. Ìgbà ìsinmi gígùn ni kí ẹ lọ tún un ṣe, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù kù díẹ̀ kó parí.

Ìlera

Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín nígbà ìsinmi. Ẹ béèrè oògùn aràn, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo ojú àti etí rẹ̀, nítorí ọmọ tí kò ríran wo pátákó ni ẹlòmíràn máa ń pè ní olódo. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Bí ọmọ bá jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀láàdìde) tàbí tó bá ní ikọ́ fée, ẹ má fi pamọ́ fún tíṣà. Ọmọ SS gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kò sì yẹ kí a fi ìyà sìn ín nínú oòrùn. Tíṣà tí kò mọ̀ kò lè dáàbò bò ó.

Alẹ́ ọjọ́ ilé-ìwé

Oorun ni olórí. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9, ó kéré tán. Ẹni tí yóò jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ó le nínú ilé tí wọ́n ti ń pẹ́ dé láti ọjà, a mọ̀. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ máa jẹ́ kí wọ́n tètè sùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kan ìṣó kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gíga tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, bẹ́líìtì àti àpò tí wọ́n ti to ìwé sí, orí ìṣó ni kí gbogbo rẹ̀ sùn. Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ á wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí iná bá wà ní ọjọ́ Àìkú, ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ náà pọ̀. Ọmọ ọdún 7 lè to àpò ara rẹ̀, kí ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Bàbá náà ní iṣẹ́ níbẹ̀: kò tọ́ kí ìyá nìkan máa ṣe ohun gbogbo kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti ọ̀nà ilé-ìwé láàárọ̀, ọmọ tó máa sọdá títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá sọdá. Ẹ yan àgbà kan, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti gbọ́n, kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí dé òdìkejì. Ọmọ mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan léwu, ẹ kọ̀ ọ́.

Bí ọjọ́ ìwọlé bá dé tí owó kò tíì pé, ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má sọ pé kí ọmọ dúró sílé de bàtà tuntun. Ẹ jẹ́ kó wọ ti èṣí lọ, kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.