Kí ni ọmọ wa ń kọ́ ní Calavi?

Ẹ̀yin ará wa ní Sakété, ọmọ tó bá yege nínú ìdánwò BAC lè lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FASEG. Ètò ọrọ̀-ajé àti bí a ti ń darí òwò ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọdún 3 ni ọmọ máa lò kó tó gba ìwé-ẹ̀rí lísáǹsì.

Ẹlòmíì á ní: "Ṣé òwò náà tún ń fẹ́ ìwé ni?" Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ká ní ìyá kan ra epo pupa ní 15 000 fráǹkì. Ó gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, ó tà á ní 17 000. Ó ní òun jèrè 2 000. Ṣùgbọ́n ó ti san 1 500 owó ọkọ̀ àti 200 owó ọjà. Èrè ẹ̀ kò ju 300 lọ. Bó bá ná 2 000 yẹn, ó ti jẹ 1 700 nínú owó òwò ẹ̀.

Irú ìṣirò báyìí wà lára ohun tí ọmọ ń kọ́. Ẹ̀yin náà ti mọ ìwé kọ. Ẹ kọ owó tó wọlé, ẹ kọ owó tó jáde. Kí ẹ tó ná èrè, ẹ kọ́kọ́ ṣírò.