Bí Ọ̀tá Bá Lágbára Jù Mí Lọ: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìránṣẹ́ Àwọn Ọ̀gágun

Nínú 2 Sámúẹ́lì 10, ọ̀tá ká Jóábù mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Ó pín ọmọ ogun sí méjì: ó kó apá kan dojú kọ àwọn ará Síríà, ó sì fi apá kejì lé Ábíṣáì arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ láti kojú àwọn ará Ámónì. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ó bá a ṣàdéhùn pé ẹni tí ọ̀tá bá fẹ́ borí nínú àwọn méjèèjì, kí ẹnìkejì wá gbà á. Lẹ́yìn náà ló fi àbájáde rẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́. Ọ̀gágun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀tá lè ju òun lọ. Ṣé àìgbàgbọ́ nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ilẹ̀ wa.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìlá àti Ìlọrin ní Ìkìrun. Àwọn tó ń sá lọ já sínú odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ sì bá omi lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi àdánù yìí pamọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, akọni Iléṣà, pé kó wá ṣe olórí ogun. Kò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó wá, òun ló sì darí ogun Èkìtìparapọ̀ ní Kírìjì.

Ìròyìn bùdó ń dé Èkó pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà níbẹ̀, tí Kristẹni pọ̀ láàárín wọn, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun. Ká ní iṣẹ́ tí bùdó ń rán ni pé kò síṣòro, ta ni ì bá ra ìbọn?

Ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ní 1881, Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ló mú lẹ́tà Aláàfin Adéyẹmí lọ bá Gómìnà Èkó, láti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn parí ogun. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín bùdó méjèèjì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Òjíṣẹ́ tó bá bu iyọ̀ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ ogun di ọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ketu, Ìkòsí àti Mile 12. Owó ilé ìjọsìn ti wọ́n, àárẹ̀ ti mú òjíṣẹ́, ìjọ ń fọ́nká. Bí ẹlẹgbẹ́ bá sì béèrè, "Ó dára" la máa ń dáhùn, nítorí a bẹ̀rù pé òótọ́ yóò dà bí ìjẹ́wọ́ àìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọ Kọ́ríńtì pé ìpọ́njú Éṣíà wọ òun lọ́rùn débi pé ìrètí ẹ̀mí pin, ó sì bẹ̀ wọ́n fún àdúrà (2 Kọ́ríńtì 1:8–11). Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ń sọ ohun tí Ọlọ́run lè ṣe. Ìròyìn ń sọ ibi tí ogun dé. Ọ̀kan kì í pa èkejì.

Kì í ṣe gbogbo ayé ni Jóábù sọ fún. Ábíṣáì ló sọ fún. Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa bá òjíṣẹ́ kan tàbí méjì ṣàdéhùn kí ìjà tó dé. Bí ó bá dé, ká sọ ohun mẹ́ta: ibi tí ọ̀tá ti wọlé, ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa, àti ohun tí a fẹ́ gan-an. Bí ẹni tí a pè kò bá kọ́kọ́ gbà, ká rántí Ògèdèǹgbé, ká tún pè é. Ká sì tètè pè: oníṣòwò tòmátì ní Mile 12 kì í dúró kí apẹ̀rẹ̀ jẹrà tán kó tó wá oníbàárà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.