Ohun tí Ìtàn Ẹdẹ ń Kọ́ Wa nípa Ọ̀la

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé òun dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú, kí òun má baà tún kọsẹ̀ níbẹ̀. Òwe yìí la fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé wa, nítorí pé àwọn ará ìpínlẹ̀ wa mìíràn máa ń béèrè pé kí ni ìwúlò ìtàn nígbà tí ọ̀nà, omi àti iṣẹ́ jẹ́ ohun tí a ń wá lójoojúmọ́. Ìlú Ẹdẹ, níbi tí àdúgbò Alájùẹ wà, la óò fi ṣe àpẹẹrẹ ìdáhùn wa.

Ìtàn ìlú náà sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbàlé, tí a mọ̀ sí Ọlọ́fà-iná, wá sí agbègbè yìí láti ṣọ́ ọ̀nà, kí àwọn tó ń kó ọjà kọjá lè rìn láìfòyà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ló ń gbé ìtàn yìí ró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, ìyẹn ibùdó àkọ́kọ́. Wọ́n rí egungun ẹṣin àti àpáàdì ìkòkò tó jọ ti Ọ̀yọ́. Wọ́n sì fiyè sí àwọn igi osè tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi osè ti wọ́pọ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti wá. Kì í ṣe igi tí a sábà ń bá ní agbègbè igbó wa.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ igi yìí dáadáa. Osè kì í dàgbà kíákíá. Ẹni tó gbin ín mọ̀ pé ojú òun lè má tó ìgbà tí yóò di àràbà igi, síbẹ̀ ó gbìn ín. Àwọn tó tẹ Ẹdẹ dó kò wá sùn mọ́jú lásán. Wọ́n wá jókòó, wọ́n sì ro ti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ èyí yóò fi ojú mìíràn wo ilé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ tàbí gọ́tà tí a ń là. Kò ní máa béèrè pé kí ni èrè mi lọ́dún yìí nìkan.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìṣípòpadà ìlú náà. Nígbà ayé Tìmì Kúbọ̀lájé Agbọnràn ni Ẹdẹ kúrò ní ibùdó àkọ́kọ́, tí ó kọjá sí òdì kejì odò Ọ̀ṣun, níbi tí ó wà títí dòní. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi orúkọ, oyè àti oríkì sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìtàn ń fà wá sẹ́yìn kò tíì gbọ́ ìtàn yékéyéké. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, Ẹdẹ wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìlú tí a tẹ̀ dó láti ṣọ́ ọ̀nà ọjà àtijọ́ tún bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà tuntun.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló kan ìgbésí ayé wa jù lọ. Ẹdẹ gbajúmọ̀ fún bí Mùsùlùmí, Krìstẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀, nígbà mìíràn nínú agbo ilé kan náà. Ní 2017, ìwé kan jáde tó dá lé ọ̀rọ̀ yìí ní Ẹdẹ. Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones ni olóòtú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàáfíà yìí kò já bọ́ láti ọ̀run. Tìmì Abíbù Lágúnjú, ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní ìlú náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, rí ìjà. Wọ́n yọ ọ́ lórí oyè, Ìbàdàn ló sì kú sí. Lẹ́yìn rẹ̀, Krìstẹ́nì náà jọba: Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975. Ọba yìí kò rò pé ìgbàgbọ́ òun di òun lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí ìmọ̀ náà má baà parun. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a ń jẹ lónìí, àwọn ènìyàn ló yàn án lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ohun tí ìjà ń fà. Ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ èyí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ìkórìíra orí fóònù tú ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún dì.

Ibi tí ewu wà nìyí. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni a ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì tó ọdún mélòó kan kí ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì láàárín àkókò yẹn ti di géńdé báyìí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di òbí. Lójú kan náà, àwọn àgbà tó mọ ìtàn ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Yorùbá pé ìtàn lè sọnù. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé tó fọwọ́ kọ náà sì sọnù. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un tò, tí ó fi jáde ní 1921. Nígbà tí àwọn òyìnbó kan ṣì ń sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn, àwọn ọ̀mọ̀wé wa, bíi J. F. Ade Ajayi, fi iṣẹ́ dá wọn lóhùn. Òun ni olóòtú ìdìpọ̀ kẹfà nínú ìtàn gbogboogbò Áfíríkà tí UNESCO ṣe. Ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé kalẹ̀ títí di 2063 pàápàá ka àṣà àti ogún àjùmọ̀ní mọ́ ohun tí a óò fi kọ́ ọ̀la.

Síbẹ̀, ìtàn kì í ṣe kùmọ̀ tí a fi ń lu aládùúgbò lórí ilẹ̀ tàbí oyè. Ẹnu kan kò tó láti gba ìtàn gbọ́. Ẹ gbọ́ ti ọ̀tún, ẹ gbọ́ ti òsì, kí ẹ sì wo ohun tí ilẹ̀ àti ìwé fi hàn.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ará ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Alájùẹ títí dé ìlú gbogbo:

Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín, kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì ìdílé yín, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ béèrè ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín bóyá wọ́n ń kọ́ ìtàn.

Bí ẹ bá ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ tí ẹ rí àpáàdì tàbí ohun àtijọ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má tà á. Ẹ fi tó aláṣẹ ìlú létí.

Ẹnìkan gbin osè kí a tó dé. Àwa náà ní láti mọ ohun tí a ń gbìn, àti ẹni tí a ń gbìn ín fún.