Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Bẹ Lọ́kàn Ọmọdé

Kò sí arìnrìn-àjò Èkó sí Benin tí kò mọ Òrè. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò jẹun, ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti yà. Ọmọdé pọ̀ níbẹ̀: àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú igbá lórí, àwọn tó ń bá òbí wọn fọ́ kòkó ní àwọn abúlé Odìgbó, àwọn tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ tí eruku ọ̀nà ti bò. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ wọn àti owó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn. Àwọn onímọ̀ ti ń wádìí rẹ̀ tipẹ́, púpọ̀ nínú ìwádìí náà kò sì jìnnà sí wa rárá.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń kùnà ìṣirò ní kíláàsì lè máa gbà á lọ́jà?

Ní 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Recife, ní Brazil. Ọmọ 5 tó ń tajà ni wọ́n lọ bá, wọ́n ń ná ọjà lọ́wọ́ wọn bí oníbàárà. Bí a bá kó ìṣirò wọn sí ọgọ́rùn-ún, wọ́n gba 98. Nígbà tí wọ́n gbé irú iye kan náà fún wọn lórí ìwé, 37 péré ni wọ́n gbà. Wọ́n bi ọmọ ọdún 12 kan léèrè iye àgbọn 10, tí ọ̀kan jẹ́ 35. Kò fi òdo kan sẹ́yìn 35 bí tíṣà ṣe kọ́ ọ. Mẹ́ta-mẹ́ta ló kà á: mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta sí i di 210, mẹ́ta sí i di 315, ó wá fi ẹyọ kan tó kù lé e, ó di 350. Ọmọ tó ń ta ìpékeré ní gáréèjì Òrè mọ ìṣirò báyìí dunjú, torí pé dẹ́rẹ́bà kò ní dúró dè é. Èyí kò ní kí ọmọ máa kiri ọjà títí ilẹ̀ ó fi ṣú o. Ohun tó ń sọ ni pé kí a tó pe ọmọ ní olódo, kí a kọ́kọ́ wo bí a ṣe bi í ní ìbéèrè náà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti fi wáyà dán làákàyè ọmọdé wò?

Ní 1979, Robert Serpell fi iṣẹ́ ọwọ́ kan náà fún àwọn ọmọ Lusaka, ní Zambia, àti àwọn ọmọ Manchester, ní ìlú Ọba. Níbi kí wọ́n ya àwòrán sórí ìwé, àwọn ọmọ Manchester ló ta yọ. Níbi kí wọ́n fi wáyà ṣe é, àwọn ọmọ Lusaka fi wọ́n sílẹ̀, torí pé mọ́tò oníwáyà ni wọ́n ń fi ṣeré látilẹ̀. Níbi kí wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n, wọn kò ju ara wọn lọ. Ọmọ tó fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò ní ẹ̀yìnkùlé ti ṣe ìdánwò tirẹ̀, kò kàn sí ẹni tó fún un ní máàkì ni.

Ṣé o mọ̀ pé Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti fi hàn pé èdè ilé kì í pa ọmọ lára níléèwé?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò tirẹ̀ àti tíṣà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ á nawọ́, á béèrè, á jiyàn. Èyí tí kò gbọ́ á dákẹ́, wọ́n á sì ní kò mọ nǹkan kan. Ní Òrè tí Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ígbò àti Hausa jọ ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí gba ọgbọ́n ju ti Modákẹ́kẹ́ lọ. Síbẹ̀, kí tíṣà mọ èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń tọ̀ sílé lè ti jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ àgbà ló rántí ìyà rẹ̀. Wọ́n á gbé ẹní tó tutù lé ọmọ lórí, wọ́n á ní kó yí àdúgbò ká, ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa kọrin tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn á so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí. Ní 1973, Harry Bakwin ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí bàbá àti ìyá bá ti tọ̀ sílé ní kékeré, 77 nínú 100 ọmọ wọn ló máa ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan nínú wọn, 44 ni. Bí kò bá sí ìkankan, 15 ni. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tún máa ń tọ̀ sílé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí pé àìsàn náà kì í jẹ́ kí kíndìnrín rẹ̀ lè dá omi dúró dáadáa. Orin àdúgbò kò lè wo èyí sàn. Ìtìjú nìkan ló ń kó bá ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ti jáwọ́ bá ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀, fura: ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti dẹ́rù bà á, tàbí kí ara rẹ̀ má yá.

Ṣé o mọ̀ pé láti Abẹ́òkúta ni ayé ti gbọ́ nípa orí tó ń gbóná fún akẹ́kọ̀ọ́?

Ilé ìwòsàn Arò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954 lábẹ́ Dókítà Thomas Adéoyè Lambo. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá bá wọn. Wọ́n ní orí ń jó àwọn, pé ó ń rìn wọ́n yinyin. Ojú wọn wà lórí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Prince pè é ní "brain fag". Ó rí i pé ẹrù wà lórí àwọn ọmọ náà: ẹbí tó ń dúró de ẹyọ ọmọ kan. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa tó tún un wádìí rí i pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí àkókò WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ọmọ sì ń di orí mú, kí a tó ní aráyé ló ń bá a jà, ó yẹ kí a wo oorun rẹ̀, kí a sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí i lójoojúmọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìbànújẹ́ ìyá lè hàn lára ìkókó?

Ní 2005, Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ ìwádìí láàárín àwọn ìyá ìkókó ní agbègbè Iléṣà. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nígbà tó di 2008, wọ́n fi hàn pé ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sanra tàbí ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe abísínwín tí gbogbo àdúgbò máa ń mọ̀. Ìyá náà ń dáná, ó ń lọ sọ́jà, ó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, oorun kò wá kódà nígbà tí ọmọ sùn, ó sì ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọba bí wọ́n ṣe lè dá a mọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ràn tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbádùn. Bí a bá ti béèrè "ọmọ ńkọ́?", ká má gbàgbé "ìyá ọmọ ńkọ́?"

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń gbé mọ́ra kì í sunkún tó bẹ́ẹ̀?

Ní Montreal, ní 1986, Urs Hunziker àti Ronald Barr ní kí àwọn ìyá kan fi kún iye àkókò tí wọ́n ń gbé ọmọ lójúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹkún wọn fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ìyá tó ń pọn ọmọ lọ sóko ní Odìgbó kò nílò kí Montreal sọ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ńlá nípa ìfàmọ́ra ìyá àti ọmọ, tí wọ́n ń kọ́ káàkiri ayé lónìí: Uganda ni Mary Ainsworth ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní 1954. Ó ń jókòó nínú ilé àwọn ará abúlé, ó ń wo bí ọmọ ṣe ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, tó ń rìn síwájú, tó ń bojú wẹ̀yìn, tó sì tún ń padà. Ó rí i pé bí ọmọ bá ti mọ̀ pé ìyá òun wà nítòsí, ìgboyà dé.

Ṣé o mọ̀ pé eré ọmọdé ti sọ owó oṣù di púpọ̀?

Ní Kingston, ní Jàmáíkà, Sally Grantham-McGregor àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣìṣẹ́ ìlera sílé àwọn ọmọ tí àìjẹunkánú kò jẹ́ kí wọ́n ga tó ẹgbẹ́ wọn ní 1986. Lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, fún ọdún méjì, wọ́n ń kọ́ ìyá bó ṣe lè bá ọmọ ṣeré, kó sì bá a sọ̀rọ̀. Ohun ìṣeré tí wọ́n fi ohun inú ilé ṣe ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn 20 ọdún, àwọn ọmọ tí wọ́n bá ṣeré ń gba owó iṣẹ́ tó fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò bá ṣeré lọ. Eré àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣe èyí.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ lè máa fi eré ro ẹjọ́ rẹ̀?

Òrè mọ jàǹbá. Ogun abẹ́lé dé ibẹ̀ ní 1967, débi pé "ó le kú, ìjà Òrè" di ohun tí gbogbo Yorùbá ń wí. Ọ̀nà márosẹ̀ náà sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ láti ìgbà náà. Ní Okúdù 5, 2022, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹ̀mí tó tó ogójì ló lọ, ọmọdé wà nínú wọn. Ọmọ tí irú èyí ṣojú rẹ̀ lè má sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wò ó níbi tó ti ń ṣeré: ìdérí ìgò méjì ló fi ṣe ọkọ̀, ó fi wọ́n gbá ara wọn, ó tún fi wọ́n gbá ara wọn, ariwo kan náà, òpin kan náà, kò sí ẹ̀rín nínú eré ọ̀hún. Ó lè kọ̀ láti dá sùn, ó lè kọ̀ láti wọ mọ́tò. Má fipá mú un sọ̀rọ̀, má sì sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Jẹ́ kí àsìkò oúnjẹ, oorun àti ilé ẹ̀kọ́ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí àgbà kan sì wà nítòsí. Bó bá ju oṣù kan lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ṣé o mọ̀ pé ìdajì àìsàn ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 18?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ẹnì kan nínú 7 àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 ló ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì ọmọ 42, ìyẹn á tó 6. Ní 2008, Oláyínká Omígbodùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé lára àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn bá sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ó ju 20 nínú 100 tó ti ronú láàárín ọdún kan pé kí àwọn gba ẹ̀mí ara àwọn. Bíbi ọmọ léèrè kò fi èrò náà sí i lórí. Ó ń jẹ́ kó rí ẹni tí yóò sọ fún ni. Omígbodùn yìí kan náà ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà ọkàn ọmọdé. Láti 2013, ilé ẹ̀kọ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní iṣẹ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé títí di 2023, òfin ayé òyìnbó ni Nàìjíríà fi ń ṣe ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ?

Ọdún 1916 ni òfin náà ti wà, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1958. Orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin wèrè. Ní Ṣẹ́rẹ́ 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, tó sì ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀. Ẹni tó bá wà ní Òrè lè dé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, àwa sì ti ju 200 mílíọ̀nù lọ. Kò lè kárí.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì lè tọ́jú ọkàn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ní Kẹ́ńyà, Tom Osborn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Shamiri sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n kọ́, tí wọ́n sì rán lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìjókòó mẹ́rin péré ni, ọ̀kan lọ́sẹ̀: wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí pé ènìyàn lè yí padà, lórí ìmoore, àti lórí ohun tó jẹ́ iyebíye sí kálukú. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, tí akẹ́kọ̀ọ́ 413 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn wọn dín kù ju ti àwọn tí wọ́n kàn kọ́ ní ọ̀nà ìkàwé lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ṣe WAEC tán, tí wọ́n ń retí JAMB, tí wọ́n jókòó sí ìsọ̀ ìyá wọn ní Òrè, kò lóǹkà. Ẹni tí yóò kó wọn jọ, kó sì kọ́ wọn, ló kù.