Iyọ̀ Inú Omi Òkun àti Ẹja Inú Gíláàsì

Bí a bá bi ọmọ iléèwé kan ní Ìlọrin tàbí ní Jos léèrè pé irú ẹ̀dá wo ni èyí tí ó ń gbé inú òkun tí ó sì ní apá márùn-ún bí ìràwọ̀, ìwé ni yóò ṣí kí ó tó dáhùn, àwòrán inú ìwé náà yóò sì jẹ́ ti ẹ̀dá etíkun ilẹ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ etíkun tiwa, láti Badagry títí dé ìhà Calabar, gùn tó nǹkan bí 850 kìlómítà, àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí inú rẹ̀ kò sì lóǹkà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ yìí fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kò ṣe ohun asán rárá bí ó bá gbé àpótí gíláàsì kalẹ̀ sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó rọ omi òkun kún un, tí ó sì ń sin ẹja, akàn àti ìràwọ̀ òkun nínú rẹ̀. Aquarium ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí nì ni iyọ̀.

Ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ a máa tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ kò bá tó, a bù sí i. Bí iyọ̀ bá já, a bu omi sí i, ọbẹ̀ náà yóò sì ṣeé jẹ. Ọ̀ràn ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òkun ńlá ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ nínú kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé láti fi ya omi tí ó ní 30 sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ní 38, bẹ́ẹ̀ bí a bá gbé ìràwọ̀ òkun láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì lójijì, ó lè kú.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja òkun kò níyọ̀ tó omi tí ó yí wọn ká. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iyọ̀ omi náà ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà omi ara wọn ń jò jáde lọ́sàn-án àti lóru, pàápàá láti ara ẹ̀yà tí wọ́n fi ń mí. Kí ẹja náà má baà gbẹ, ó ní láti máa mu omi òkun láìsinmi, kí ó sì máa ti àpọ̀jù iyọ̀ jáde gba ẹ̀yà ìmí kan náà. Ó yẹ kí ẹnu ya ọmọ iléèwé láti gbọ́ pé inú omi gan-an ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹja! Òdì kejì ni ti ẹja odò: omi ni ó ń ya wọ inú ara rẹ̀, títọ̀ ni ó sì ń tọ̀ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ òkun kò ní irú agbára wọ̀nyí. Bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi náà bá ṣàdédé di fẹ́rẹ́, ara rẹ̀ a wú. Bí iyọ̀ bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ara rẹ̀ a sún kì.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò jìyà rẹ̀. Ní 1846, ìyáàfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anna Thynne, kó iyùn òkun láàyè láti etíkun Torquay lọ sí London. Òkun jìnnà sí i, nítorí náà kò lè máa pààrọ̀ omi bí ó ti wù ú. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ni ó máa ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn, tí yóò sì tún dà á padà, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Orúkọ ìyáàfin ni ó wọ inú ìtàn. Apá ìránṣẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́. Nígbà tí ó di 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko Regent's Park ní London, gbogbo ayé sì fẹ́ ní irú rẹ̀ nínú ilé. Àwọn tí wọn kò sí nítòsí òkun ńkọ́?

Philip Henry Gosse ni ó dáhùn ìbéèrè yìí ní 1854. Ó mú ìwé tí onímọ̀ kan, Schweitzer, ti kọ nípa ohun tí ó wà nínú omi òkun ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ra àwọn èròjà náà, ó pò wọ́n. Bí a bá fi ìwọ̀n òde òní kà á, ó lo nǹkan bí 99 gíráàmù iyọ̀ ọbẹ̀, 7 gíráàmù iyọ̀ Epsom, èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa fún wíwẹ inú, 13 gíráàmù magnẹ́síọ̀mù kílóráídì, àti díẹ̀ tí kò tó 3 gíráàmù pòtásíọ̀mù kílóráídì, sínú omi tí kò pé lítà mẹ́rin ààbọ̀. Kò fi ẹ̀dá kankan sínú omi náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ewéko òkun ni ó kọ́kọ́ fi sí i, ó dúró ná, kí ó tó kó ẹ̀dá abẹ̀mí sí i, wọ́n sì yè. Ohun tí ó wù wá nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé kò jókòó kí ó máa kẹ́dùn pé òkun jìnnà. Ó béèrè ohun tí omi náà jẹ́, ó sì ṣe é. Bí London bá lè ṣe é láìsí òkun lẹ́bàá rẹ̀, kí ni yóò dí iléèwé kan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Kàdúná?

Àṣìṣe kan wà tí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ rẹ̀ gidigidi: iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan kì í ṣe iyọ̀ òkun. Ọkọ̀ ojú omi Challenger, tí ó rin òkun gbogbo àgbáyé láti 1872 sí 1876, kó omi wá sílé láti ọ̀pọ̀ ibi, William Dittmar sì yẹ 77 nínú wọn wò. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1884, ó fi hàn pé bí iyọ̀ omi kan tilẹ̀ pọ̀ ju ti òmíràn lọ, ìpín àwọn èròjà inú rẹ̀ sí ara wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí a bá pín iyọ̀ òkun sí ọgọ́rùn-ún, 55 jẹ́ kílóráídì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 31 tí ó jẹ́ sódíọ̀mù, súlúféètì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8, magnẹ́síọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4, kálísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù sì lé díẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Méjì péré nínú wọn ni iyọ̀ ọbẹ̀ ní. Ẹni tí ó bá fi iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan sin ẹja òkun dà bí ẹni tí ń fi ẹ̀kọ lásán tọ́ ọmọ. Gosse pàápàá fi kálísíọ̀mù sílẹ̀, ó gbà pé ìkarahun àti àfọ́kù iyùn tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí yóò pèsè rẹ̀. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ń pò tà lóde òní ní in nínú, nítorí òun ni iyùn àti ìgbín òkun fi ń kọ́ ilé wọn. Láti inú iṣẹ́ Dittmar yìí kan náà ni a ti rí i pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ti tó. Bí a bá ti mọ iye iyọ̀ lápapọ̀, a ti mọ ìyókù.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti rí omi. Iléèwé tí ó wà ní etíkun lè lọ pọn ọ́n, a sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ṣe, nítorí òkun kì í béèrè owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibikíbi ni a ti ń pọn ọ́n, kì í sì í ṣe ìgbàkigbà. Ní àkókò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a rọ́ omi wọ inú ọ̀sà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí omi ọ̀sà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi òkun ń gba ẹnu ọ̀nà èbúté wọlé, tí ó tún ń níyọ̀. Nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a pọn omi, ní etí òkun gan-an, níbi tí ó jìnnà sí ẹnu odò, sí èbúté àti sí epo ọkọ̀. Kí a fi aṣọ funfun tí ó nípọn sẹ́ ẹ, kí a dé e, kí ó silẹ̀, kí a sì wọn iyọ̀ rẹ̀ kí a tó gbà á gbọ́.

Iléèwé òkè ilẹ̀ ni yóò po tirẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní èròjà apakòkòrò nínú, nítorí náà kí a lo òògùn tí ń pa agbára rẹ̀ kí a tó lò ó. Omi kànga ìtòsí etíkun a máa ní iyọ̀ tirẹ̀ nígbà mìíràn. Kí a wọn ọ́n ná. Kí a rọ 20 lítà sínú garawa tí kò mọ ọṣẹ rí, kí a sì wọn nǹkan bí 700 gíráàmù iyọ̀ òkun tí a rà. Inú omi ni a ń da iyọ̀ sí, a kì í da omi lé iyọ̀ lórí, nítorí bí iyọ̀ bá ṣù jọ pẹ̀lú omi díẹ̀, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lè di ẹfun funfun tí kò ní í yọ́ mọ́. Kí ẹ̀rọ kékeré máa ru ú fún odidi ọjọ́ kan. Iyọ̀ inú páálí ti fa omi díẹ̀ mọ́ra, nítorí náà 700 lè má tó. Lẹ́yìn tí a bá wọn omi náà tán ni a óò fi ìyókù kún un. A kò gbọ́dọ̀ po iyọ̀ nínú àpótí tí ẹja ti wà nínú rẹ̀ láé.

Ohun ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni hydrometer, igi gíláàsì tí ń léfòó. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ tó ni ó ń yọrí sókè tó. Nínú omi tí kò ní iyọ̀, ó ń ka 1.000, nínú omi òkun tí ó pé 35, nígbà tí ooru omi bá jẹ́ 25 lórí ìwọ̀n Celsius, ó yẹ kí ó ka nǹkan bí 1.026. Kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ohun èlò ilẹ̀ òtútù ti ń tan ọmọ ilẹ̀ ooru jẹ. Àwọn hydrometer kan wà tí a ṣe láti kà déédéé nínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 15. A sábà máa ń kọ nọ́ńbà náà sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ń kà á? Omi gbígbóná fẹ́rẹ́ ju omi tútù lọ. Bí omi inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa bá gbóná dé 30, omi tí iyọ̀ rẹ̀ pé gẹ́lẹ́ yóò ka nǹkan bí 1.023 lójú irú ohun ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí kò fura yóò máa bu iyọ̀ sí i títí yóò fi rí 1.026, nígbà náà iyọ̀ omi rẹ̀ ti di nǹkan bí 39. Kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ òkun, kò sí lọ́wọ́ ẹja.

Èyí tí ó sàn jù ni refractometer, tí a ń kán omi ẹyọ kan sí, tí a sì ń gbé sójú wò nínú ìmọ́lẹ̀. Òun náà nílò àyẹ̀wò. Iléèwé tí ó ní yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lè wọn 36.5 gíráàmù sódíọ̀mù kílóráídì tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, kí ó yọ́ ọ sínú 963.5 gíráàmù omi tí a ti sè tí a sì gba oruku rẹ̀. Omi yìí gbọ́dọ̀ ka 35. Bí kò bá ka iye yẹn, ohun ìwọ̀n ni kí a tún ṣe, kí a fi omi ẹja sílẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iyọ̀ tí a ti ṣe déédéé lè tún dàrú láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Omi ń fà lọ sínú afẹ́fẹ́. Iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì. Àpótí kan gba 100 lítà, iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 35 gíráàmù nínú lítà kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,500 gíráàmù. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan 5 lítà ń fà lọ, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ sì ń fi 5 lítà omi oníyọ̀ dí i. Gíráàmù 175 ni ó ń kún un lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iyọ̀ ti di 4,200 gíráàmù, omi ti di 42, ẹja sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi tí kò ní iyọ̀ ni kí a fi dí èyí tí ó fà lọ. Kí a fa ìlà sára gíláàsì, kí a sì máa fi díẹ̀díẹ̀ dí i ní àràárọ̀ títí yóò fi dé ojú ìlà. Ìgbà tí a bá fi ọwọ́ ara wa gbọ́n omi dànù láti pààrọ̀ rẹ̀ nìkan ni a ń fi omi oníyọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Bí a bá rí i pé iyọ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ìwọ̀n nígbà tí ẹ̀dá ti wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ó bá kéré, kí a má ṣe gbé e sókè ju 0.001 lọ lójú hydrometer láàárín ọjọ́ kan.

Fún ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó fi iyùn àti ìràwọ̀ òkun sílẹ̀ ná, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹja epìyà inú ọ̀sà, èyí tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ti kọ́ láti fara da omi fẹ́rẹ́ àti omi oníyọ̀. Kí ó wọn iyọ̀ omi ibi tí wọ́n ti pa á, kí ó sì fi ti àpótí ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò béèrè 35. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ìdọ̀tí ẹja di aláìlóró tó pọ̀ tó nínú àpótí titun, èyíkéyìí ìbáà jẹ́ ẹja inú rẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ nọ́ńbà sínú ìwé ní àràárọ̀: ọjọ́, ooru omi, ìwọ̀n iyọ̀, iye omi tí a fi dí èyí tí ó fà lọ. Bí nọ́ńbà iyọ̀ bá ti dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láìyẹ̀, kí a lọ mú ẹja wá, ẹyọ kan ṣoṣo, kí a sì máa fi ife kékeré bu omi àpótí sínú omi tí ó bá a wá fún bíi wákàtí kan kí a tó tú u sílẹ̀.